Ẹni Tó Sọ̀kalẹ̀ Láti Orí Odò Yìnyín

Iye èèyàn tí Dermot, awakọ̀ hẹlikópítà wa, gbé gòkè lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ló gbé sọ̀kalẹ̀. Mẹ́rin ló gbé lọ, mẹ́rin ló gbé dé. Ohun tí kò jẹ́ ká tètè fura nìyẹn. Ká ní mẹ́ta ló gbé dé ni, à bá ti sáré padà lọ kí ìkùukùu tó bo orí òkè.

Mereana ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń gba àwọn tó wá ṣe ìsinmi lálejò ní ọ́fíìsì tí hẹlikópítà ti ń gbéra. Èmi ni mo máa ń wọn bí oníkálukú ṣe wúwo tó, nítorí hẹlikópítà kì í gba àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ ìwúwo. Èmi náà ni mo máa ń fún wọn ní bàtà rọ́bà àti jákẹ́ẹ̀tì pupa tó ní ìbòrí, tí mo sì máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n tẹrí ba bí wọ́n bá ń kọjá lábẹ́ ìyẹ́ tó ń yí. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé gbèsè ló fẹ́ san. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé ìdí odò yìnyín náà, yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ wálẹ̀ láti orí òkè, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, a ó sì sá padà. Ó ti súnkì wọnú òkè lọ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lónìí, àfi kó fò.

Òjò ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà tó mọ́. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, ewéko sì ń yọ èéfín nínú oòrùn, nígbà tí tọkọtaya kan wọlé. Ìyàwó ló ṣáájú, obìnrin kúkúrú kan, ọlọ́yàyà, tó ń jẹ́ Lorna. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó sì ń wo ilẹ̀ ọ́fíìsì wa bí ẹni tó ń wo odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

"Àbúrò mi, ẹ bá mi mú un wọlé kó tó sá lọ," Lorna wí fún mi. "Láti àná ló ti ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Bàbá Isla, wọlé jàre, wọn ò ní jẹ ẹ́."

Ó sọ fún mi pé láti Invercargill ní gúúsù làwọn ti wá, pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n làwọn ti ṣègbéyàwó, àti pé gbogbo ìgbà tóun bá ti dárúkọ etíkun yìí fún ìsinmi ni ọkọ òun máa ń wí àwíjàre. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, kò sí àwíjàre mọ́. Isla ọmọ wọn ló sanwó ìrìn-àjò náà.

Ọkọ rẹ̀ gun orí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo bi í ní orúkọ, ó ní Ewan Strachan. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ náà kan nǹkan nínú mi, àmọ́ àwọn tọkọtaya tuntun kan láti Brisbane, tí wọ́n jọ fẹ́ fò, ti ń pè mí pé bàtà wọn fún wọn lẹ́sẹ̀. N kò ráyè rò ó.

Ewan bi mí léèrè pé ìṣẹ́jú mélòó làwọn máa lò lórí yìnyín. Mo ní mẹ́wàá.

"Tí awakọ̀ bá wá gbàgbé ẹnì kan síbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní Dermot máa ń ka èèyàn bí ẹni tó ń ka adìẹ ní ìrọ̀lẹ́, pé kò gbàgbé ẹnikẹ́ni rí. Lorna rẹ́rìn-ín. Ewan kò rẹ́rìn-ín. Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó tú u, ó tún un so, lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé wọn jáde.

Ìgbà tí ariwo hẹlikópítà ti jìnnà ni orúkọ náà tó padà wá bá mi. Mo sọ ife tíì ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìyá mi ní ilé tí àwọn tó ń gun òkè máa ń sùn sí, ibẹ̀ sì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti gúúsù wá dé sí. Ewan ni ẹ̀gbọ́n, ẹni ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gavin ni àbúrò, ọmọ ọdún méjìlélógún. Òun ló máa ń da mílíìkì inú agolo sórí búrẹ́dì títí búrẹ́dì náà yóò fi rì. Òun náà ló sọ mí ní Yamùyamù, nítorí pé mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí yamùyamù, kòkòrò kékeré etíkun wa tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ṣe máa ń rọ̀ mọ́ àlejò, kò sì sí ẹlòmíràn láyé yìí tó fi orúkọ yẹn pè mí rí. Àwọn méjèèjì jọ gòkè ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Ewan nìkan ló sọ̀kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti sán, kò sì lè wo ojú ìyá mi. Ó ní àbúrò òun ti já sínú ihò yìnyín kan ní apá òsì, lábẹ́ àpáta ńlá, pé òun fi ojú ara òun rí i, pé òun pè é, kò dáhùn.

Hemi bàbá mi ló ṣíwájú àwọn tó lọ wá a. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá a níbi tí Ewan tọ́ka sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi fi okùn sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà. Omi tó ń kán nìkan ló bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni bàbá mi ti gbé sọ̀kalẹ̀ láàyè láti orí òkè yẹn kó tó di arúgbó, àmọ́ nígbà tó ń kú lọ, kò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Gavin ló ń bi wá. "Ibo ni mo ti kọjá lára ọmọ yẹn?" Ohun tó ń sọ nìyẹn títí ohùn rẹ̀ fi pin.

Ó jẹ́ pé Ewan yẹn ló dúró lórí òṣùwọ̀n mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ti kọjá, n kò lè dá ojú rẹ̀ mọ̀. Mo pinnu pé tó bá sọ̀kalẹ̀, n óò kí i, n óò sì sọ fún un pé bàbá mi ò gbàgbé àbúrò rẹ̀ títí ó fi kú. Mo tilẹ̀ ṣí agolo bisikíìtì tuntun dè é.

Dermot ló kọ́kọ́ wọlé nígbà tí wọ́n dé. Ó gbójú sí mi tìfura-tìfura.

"Àǹtí, ṣé ẹ wọn àwọn èèyàn yẹn dáadáa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí òun ṣe gbéra lórí yìnyín, hẹlikópítà kàn fò sókè ni, bí ìgbà tí ìjókòó kan ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn. Ìjókòó kankan kò ṣófo. Mo ní afẹ́fẹ́ òkè ni, kó lọ mu tíì.

Àwọn tọkọtaya Brisbane dá bàtà wọn padà. Ìyàwó fà sún mọ́ mi, ó rọra sọ fún mi pé òun kò fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn o, àmọ́ nígbà tí àwọn ń bọ̀, bàbá tó jókòó ti òun ń rùn bí aṣọ irun àgùntàn tó tutù àti epo kẹrosíìnì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rùn nígbà tí àwọn ń lọ. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Lorna náà jáde lọ sínú mọ́tò láti mú oògùn ọkọ rẹ̀ wá. Ewan ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun lákòókò. Kó tó jáde, ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó bọ́ bàtà. Ọkùnrin náà kò bọ́ ọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìbòrí pupa tó bo orí rẹ̀, awò dúdú lójú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti bá a bọ́ ọ.

Bàtà tí mo fún un kọ́ ló wọ̀. Bàtà rọ́bà dúdú ni mo fún un. Èyí jẹ́ aláwọ, ó pọ́n bí ilẹ̀, ó le bí igi, irin kéékèèké sì wà lójú okùn rẹ̀ bí irú èyí tí àwọn agunkè máa ń wọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Ẹ̀rọ amúlé-gbóná wa kò ju ìgbésẹ̀ méjì sí ibi tó wà, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀, iná rẹ̀ ń ta sí mi ní ẹ̀gbẹ́. Yìnyín ara bàtà náà kò yọ́.

"Yamùyamù," ó wí lókè orí mi. "O ti dàgbà."

Ohùn náà kéré, ó gbẹ. Mo gbójú sókè. Ó ti fa awò dúdú náà sílẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ ìbòrí pupa yẹn, ojú ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo rí, ó funfun bí àbẹ́là, ìrì dídì sì wà lára irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí," ó ní. "Mo ní mò ń bọ̀ wá mú un."

Kí n tó dìde, Lorna ti wọlé pẹ̀lú oògùn àti búrẹ́dì. Ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kan sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ilé oúnjẹ kan tóun rí lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń din ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹyin. Ọkùnrin náà yí ojú sí ògiri. Mo ń wo ọwọ́ obìnrin yẹn tó ń ra ìbọ̀wọ́ náà kí ó lè móoru. Lorna ní ọwọ́ ọkọ òun ti tutù jù.

Mo sọ fún Lorna pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá síbí."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà wá."

Kò wá. Ó rí nǹkan lójú mi. Ó wo ọkùnrin náà, ó na ọwọ́, ó sì rọra fa ìbòrí náà sẹ́yìn, bí ìyá tó fẹ́ nu ẹnu ọmọ. Kò kígbe. Ó gbé ọwọ́ tó dì mú padà sórí itan ẹni tó ni ín, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń dá nǹkan oní-nǹkan padà.

"Ọkọ mi dà?"

"Ó wà níbi tí mo wà," ọmọkùnrin náà dáhùn.

Dermot ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí, ó gbé ife náà kalẹ̀, ó sì mú akoto rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Àwa ará etíkun yìí, a kì í bá òkè jiyàn. Èmi àti Lorna tẹ̀ lé e, a fi ẹni tó jókòó sílẹ̀ sórí ìjókòó rẹ̀.

Ìkùukùu ti ń gun òkè bọ̀ láti ọ̀nà òkun. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ la fi débẹ̀. Nígbà tí Dermot bà sí ibi tó bà sí láàárọ̀, ó ní òun kò lè pa ẹ́ńjìnnì, kí a ṣe kíá. Ojú ẹsẹ̀ àwọn àlejò pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti tẹ ibi kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ bí ẹran inú ọgbà. Ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ya kúrò láàárín wọn. Ó lọ, kò padà. Apá ọ̀tún ló gbà lọ. Bàbá mi kò wá apá ọ̀tún rí, nítorí apá òsì ni wọ́n tọ́ka sí fún un.

Mo so okùn mọ́ ara mi àti mọ́ Lorna, mo ṣáájú, mo ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wò bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀, a rí àpáta kan tí n kò mọ̀ rí. Yìnyín tó bò ó ti súnkì. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo bí inú ilé kékeré, Ewan sì jókòó síbẹ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Mo rò pé ẹrù kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé èèyàn ni. Ó ká orúnkún mọ́ àyà, ara rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ mọ́ egungun. Bàtà aláwọ pupa rúsúrúsú yẹn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lorna kò wo òkú náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Kò já sínú ihò kankan," Ewan ní. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti há a sórí tipẹ́tipẹ́. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́. Mo gbé e wá síbí, mo ní kó dúró, mo ní mò ń bọ̀ wá mú un. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rù òkè yìí dé bá mi. Tí mo bá sọ pé ó wà láàyè, wọ́n á ní kí n mú àwọn gòkè. Mo bá ní ó ti kú. Mo rò pé kílẹ̀ tó mọ́, bó ṣe máa rí náà nìyẹn."

Afẹ́fẹ́ kọjá lórí àpáta.

"Ó wá bá mi láàárọ̀ yìí. Ó gba jákẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní kí n dúró, òun ń bọ̀ wá mú mi."

"Dìde, Ewan." Kò pè é ní Bàbá Isla.

"Mi ò lè dìde. Ó ti yí kàn mí."

A fà á dìde ná. Kò bá wa jà, kò sì ràn wá lọ́wọ́. Lorna mú apá kan, èmi mú ìkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, àmọ́ ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó ń wo abẹ́ àpáta náà títí a fi dé ìdí hẹlikópítà. Ìkùukùu ti kan ìyẹ́ nígbà tí a gbéra. Ní ìgbà tí a jáde sínú ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, mo gbọ́ ohùn Dermot nínú gbohùngbohùn etí mi.

"Àǹtí, ó tún fúyẹ́."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ewan jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí, ó sì ṣófo bí fèrèsé ilé tí wọ́n ti kó jáde.

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí a wọlé. Jákẹ́ẹ̀tì pupa náà ló wà níbẹ̀. Bí a ṣe mú Ewan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọsẹ̀, ó fọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti inú omi. Ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó wo yàrá náà yíká. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró níwájú ewé ìmùjẹ́ tó wà létí ọgbà wa, ó fọwọ́ pa á lára, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì rẹ́rìn-ín kékeré kan. Nígbà tí mo gbé tíì fún un, ṣíbí ṣúgà márùn-ún ló bù sí i. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ Lorna. Lorna ń wo ife náà.

Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù ọdún mẹ́tàdínlógójì kalẹ̀ lè gbàgbé àìsàn rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Wọ́n sùn sí ìlú wa títí àwọn ọlọ́pàá fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, lẹ́yìn náà wọ́n wa mọ́tò wọn lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta làwọn ọlọ́pàá tó rí àyè gbé òkú Gavin sọ̀kalẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò àyà rẹ̀, tí ó fi ọ̀rá wé. Ọlọ́pàá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà mọ bàbá mi dáadáa, ó gbà kí n kà á nínú mọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Gavin fi wà láàyè lábẹ́ àpáta náà. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ déètì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ewan ń bọ̀ lónìí. Ní ọjọ́ keje, ó kọ ọ́ pé òun gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin ní òdì kejì òkè, pé ọ̀kan nínú wọn ń pe orúkọ òun, pé òun dáhùn títí ohùn òun fi há. Bàbá mi ni. Lójú ewé kọkànlá, déètì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú ìwé náà lórí itan mi títí èémí mi fi bo gbogbo gíláàsì mọ́tò.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, bí a bá ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn mọ́ ọn, Lorna fi fóònù pè mí ní ọ̀sán. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó ní dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Ewan wò, wọn ò rí ìtọ̀ ṣúgà kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ní ó máa ń kọrin nígbà tó bá ń wẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n délé, kò mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Isla wá kí wọn, ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó pè é ní màdáámù. Ọkùnrin náà béèrè ìyá tó bí i, Lorna sọ fún un pé ó ti pẹ́ tó ti kú, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sunkún bí ọmọdé.

"Àbúrò mi, ẹni tí a gbé sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe Ewan," ó ní. "Ara Ewan ni. Gavin ló wà nínú rẹ̀. Ewan ṣì wà lókè níbẹ̀."

Mo ní mo mọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo rí i pé mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ń bu ṣúgà.

Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ìwé náà sọ. Mo ní mọ́kànlá. Mo gbọ́ tó ń ṣírò rẹ̀ lábẹ́ èémí. Mo sọ fún un pé ojú ọjọ́ máa là lọ́la, pé tó bá fẹ́, Dermot lè gbé mi lọ sí abẹ́ àpáta yẹn, kí n lọ pe Ewan lórúkọ. N kò mọ̀ bóyá yóò jẹ́ mi, àmọ́ mo lè pè é.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bi í léèrè bóyá kí òun bá a din ẹyin kún un. Ó yí ẹnu kúrò lára fóònù, ó sì dá a lóhùn. N kò tíì gbọ́ kí obìnrin yẹn fi irú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ má wulẹ̀ lọ," ó wí fún mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ kọkànlá, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àlejò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dermot fò. Mo wọn oníkálukú, mo fún wọn ní bàtà, mo kìlọ̀ fún wọn nípa ìyẹ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ gbéra, ọ̀rọ̀ pé kó gbé mi lọ sí apá ọ̀tún máa ń wá sẹ́nu mi. Nígbà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń rí bàbá mi tó fi okùn rọ̀ nínú ihò tí kò séèyàn, tó ń pe orúkọ, nígbà tí ẹni tó ń wá ń dá a lóhùn láti òdì kejì òkè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dermot wọlé, ó ń ra ọwọ́ pọ̀ nítorí òtútù. Ó ní afẹ́fẹ́ apá ọ̀tún yẹn ń dún lónìí, Àǹtí, bí ẹni pé èèyàn ń pe èèyàn.

Mo ní afẹ́fẹ́ náà ni, mo sì lọ ti ilẹ̀kùn.